Kí Ni Ẹni Tí Ó Ra NFT Ní Gan-an?

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkọ̀tún tàbí Ìgándò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni rìsíìtì, ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ lè gbowó kí ó sì kọ rìsíìtì. Bí olùrà bá dé Aláúsá, wọ́n lè sọ fún un pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àmì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní NFT.

Ohun tí olùrà ń gbà kì í ṣe àwòrán. Ìlà kan ni, nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń pa mọ́, tí ó ń sọ àpò ẹni tí àmì náà wà. Àwòrán sábà máa ń tóbi jù fún ìwé náà, nítorí náà àdírẹ́sì ibi tí ó wà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ FTX wó ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn tí wọ́n ra àmì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ rí i pé àdírẹ́sì kò gbé wọn dé ibi àwòrán mọ́. Àmì ṣì wà nínú àpò wọn o!

Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà pàápàá kì í bá àmì lọ fúnra rẹ̀. Òfin Copyright ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 béèrè pé kí ẹni tí yóò gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn kọ ọ́ sínú ìwé. Olùrà tí kò gba irú ìwé tàbí àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò lè tẹ àwòrán náà sára aṣọ kí ó máa tà á.

Èyí kò sọ gbogbo rẹ̀ di jìbìtì. Ní ọdún 2022, ayafọ́tò Adisa Olashile ta fọ́tò bàbá onílù kan gẹ́gẹ́ bí NFT, ó sì pín owó náà sí méjì, ó fún bàbá ní ìdajì. Ìwà ọmọlúàbí ni, owó gidi sì ni.

Ọwọ́ olùrà ni ẹrù ń bọ́ sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ẹnì kan fi ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là ra àmì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Jack Dorsey kọ sórí Twitter. Ní ọdún kejì ó fẹ́ tà á ní mílíọ̀nù 48. Nígbà tí àkókò ìtajà pé, ẹni tí ó dá iye tí ó pọ̀ jù kò dá tó 300 dọ́là. Gbogbo ayé sì ti ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ tún gba àwọn báńkì láyè láti ṣí àkáǹtì fún àwọn ilé-iṣẹ́ irú òwò yìí tí ó ní ìwé àṣẹ. Ìyẹn kò sọ báńkì di onídùúró ọjà ẹnikẹ́ni.

Òwò tí ọjà rẹ̀ fara sin fún olùrà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní gharar. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi owó àjọ rẹ̀ ra àmì ní Ẹ̀gbẹ́dá kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwòrán wà àti ẹ̀tọ́ tí ó bá a wá. Èyí tí ó bá sì ń tà á, kí ó sọ ọ́ kí olùrà tó béèrè.