Ọkọ̀ Kékeré Tó Ń Rákòrò Nínú Ilé

  

Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún àwa ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni pé ká sọ̀rọ̀ lórí eré tí òbí àti ọmọ lè jọ ṣe nínú ilé. Èyí tí a mú wá ni ọkọ̀ kékeré oníná tí a ń fi rìmóòtù darí, irú èyí tí kì í sáré rárá. Ṣe ló ń rákòrò lórí òkúta bí ọmọ oṣù mẹ́jọ. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, “Ṣé ìyẹn náà lọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àgbà?” Ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀.

Ní Ailegun níbí, àti káàkiri Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, ilé fara ti ilé. Pápá tí ọmọ á ti ṣeré kò pọ̀. Bó bá jáde, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò pàdé. Bí òjò bá rọ̀, a kì í mọ ibi tí gọ́tà parí sí àti ibi tí títì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ti ọmọ mọ́lé, tí a sì ń fi fóònù pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Ọmọ á dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ń mú un jìnnà sí wa. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Ẹni tó bá sì ní eré òyìnbó ni, kó rántí ìgbà èwe tiwa. Ta ni nínú wa tí kò fi agolo sadíìnì ṣe ọkọ̀ rí, tí kò gé rọ́bà sálúbàtà ṣe táyà, tí kò so okùn mọ́ ọn nímú kó máa fà á kiri àdúgbò? Okùn yẹn nìkan ni wọ́n mú kúrò. Ní ọdún 1898, Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan síwájú àwọn èèyàn ní New York, ó sì ń darí rẹ̀ láìfi okùn kankan kàn án. Ní 1976, ilé iṣẹ́ Tamiya ní Japan gbé ọkọ̀ Porsche 934 oníná jáde fún àwọn tó ń ṣeré. Àwọn kékeré tó ń rákòrò nínú ilé ló dé kẹ́yìn, irú SCX24 tí Axial ń ṣe, àti TRX-4M tí Traxxas gbé jáde ní 2022. SCX24 jẹ́ ìdá kan nínú 24 ọkọ̀ gidi. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 4.8 á di sẹ̀ǹtímítà 20 péré. Tábìlì oúnjẹ tó o ní pápá.

Irú ọkọ̀ yìí lè ti inú páálí jáde kó sì máa rìn. Àmọ́ kó rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú yàtọ̀ sí kó gun òkè. Ẹ jẹ́ ká sọ bí a ṣe ń tò ó.

Èkíní ni táyà. Rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ kó lè di òkúta mú. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́, nítorí náà a kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Eruku ilé ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì fi ìpara tàbí epo kàn án. Lórí táìlì dídán, táyà tó dára jù lọ náà á máa yọ̀. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì tàbí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ìwọ̀n, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Gbogbo wa la ti rí tírélà tó gbé kọ̀ntéínà gíga tó dojú dé lójú ọ̀nà Àpápá sí Oṣòdì. Ohun tó ṣe tírélà ló ń ṣe ọkọ̀ kékeré: ẹrù wà lókè jù. Bí ọkọ̀ bá sì ń gun òkè, ìwọ̀n rẹ̀ á sún sẹ́yìn. Bí iwájú bá fúyẹ́, á gbé imú sókè, á sì ṣubú sẹ́yìn. Ẹ yọ gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ẹ sún bátìrì síwájú, kó sì wà nísàlẹ̀ bí àyè bá gbà. Bí a bá pín ìwọ̀n ọkọ̀ náà sí mẹ́wàá, ó dára kí bíi mẹ́fà wà níwájú, kí mẹ́rin wà lẹ́yìn. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sórí ìwọ̀n ilé ìdáná, ẹ fi ìwé tó ga tó o gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ kà á. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà.

Bí iwájú bá ṣì fúyẹ́, àwọn tó ń tà á ní rímù onídẹ tó wúwo. Ẹlòmíràn á lọ bá àwọn tó ń ṣe báláǹsì táyà, kó gba irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù. Ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé irin ni. Òjé wà lára irú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú eré ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ àti jíà. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa mọ̀ pé nínú ọkọ̀ gidi, bí táyà kan bá ti wà nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, òun nìkan lè máa yí lásán, kí ọkọ̀ má kúrò lójú kan. Nínú ọkọ̀ tó ń rákòrò, wọ́n ti di táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, wọ́n jọ ń yí ni. Bí ọ̀kan bá rọ̀ sófuurufú, èkejì á ṣì máa fà. Ohun tí ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kì í lè yí kọ́nà tóóró, nítorí náà kí kọ́nà tí ẹ bá ṣe fún un fẹ̀. Kí sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa wá ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni rìmóòtù. Rìmóòtù la kọ́kọ́ ń tàn, lẹ́yìn náà ọkọ̀. Bí a bá parí, ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń pa. Ẹ fi bọ́tìnnì tó wà lára rìmóòtù tún sítíárì ṣe títí táyà á fi dúró gbọnrangandan. Bí ẹ bá yí i dópin tí ẹ gbọ́ tó ń kùn, ó ti kọjá ibi tó yẹ. Ẹ dín in kù, kó má bàa jó.

Ìkarùn-ún ni bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni kí ẹ fetí sí jù. Irú lithium tí wọ́n ń lò jẹ́ sẹ́ẹ̀lì méjì. Sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọ́dọ̀ ju fóòtì 4.2 lọ bó bá kún, kò sì yẹ kó lọ sílẹ̀ ju bíi 3.2 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi í sí bíi 3.8. Ṣájà tó bá a mu nìkan ni kí ẹ lò. Lórí táìlì tàbí nínú ìkòkò amọ̀ la ti ń ṣájì rẹ̀, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì. Kí àgbàlagbà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ yọ ọ́. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa padà dé. Bátìrì tó bá ti wú bí àkàrà ti parí iṣẹ́. Ẹ má ṣájì rẹ̀ mọ́. Bó bá gbaná, èéfín rẹ̀ burú. Kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ jáde. Nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, iná yàrá kan kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀nà tí ọkọ̀ á gbà, èyí kò gba owó. Ọlọ tí a kò lò mọ́ di òkè. Páálí ẹyin di ilẹ̀ gbágungbàgun. Ìrọ̀rí tí a fi aṣọ ìnura bò, bíríkì méjì, pátákó tó dà bí afárá, bàtà bàbá, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí pátákó, ẹ máa gbé orí pátákó sókè díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi ṣubú, kí ọmọ fi ohun èlò ìṣirò tó ń gbé lọ sí ilé ìwé wọn igun rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ sún bátìrì, ẹ tún un wò. Ohun kan ṣoṣo la ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yí mẹ́ta pọ̀, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ nìyẹn tí olùkọ́ ń wá ọ̀nà láti kọ́ ọmọ.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Nígbà àtijọ́, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà ló ń yẹ ọ̀nà oko fún ìlú. Ọ̀nà tí a ń bẹ̀ yín pé ká yẹ lónìí kò ju tábìlì méjì lọ. Kí ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ méjì àti ṣájà gidi kan, kí wọ́n máa wà níbi ìpàdé wa. Ní ọjọ́ ìpàdé, kí ọmọ bá òbí rẹ̀ wá. Òfin kan ṣoṣo ló wà: òbí kò gbọ́dọ̀ fi rìmóòtù sílẹ̀ fún ọmọ kó wá lọ jókòó sídìí ọtí. Wọ́n á jọ dúró ni. A ti ṣírò rẹ̀, kò tó owó aṣọ ẹbí ti ọdún kan.

Ọkọ̀ tó ń sáré kò lè gun òkúta. Èyí tó ń rákòrò ló ń gùn ún, ọmọ tó bá sì ti rí i fúnra rẹ̀ kò nílò ìwàásù lórí sùúrù. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá pé ogún ọdún, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò máa to àga fún wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti mọ̀ wá kó tó dìgbà náà.