Káàdì Tí Owó Mi Ká

Tó bá jẹ́ inú dáńfó lẹ ti ń gbọ́ mi, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkọ̀tún ti gbà yín mú, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní kò gùn. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Mo fi ₦40,000 ra sítíkà kan. Sítíkà o, kì í ṣe fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ wa tipẹ́ mọ̀ pé mo máa ń kó àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ, pàápàá àwọn tó ti ṣojú orílẹ̀-èdè wọn níbi ìdíje ńlá. Ní Amẹ́ríkà, káàdì bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kó jọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ Panini, tó wà ní Modena ní Ítálì, ti ń ṣe ìwé sítíkà Ife Àgbáyé láti ọdún 1970. Ọdún 1994 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ dé Ife Àgbáyé, ọdún yẹn náà sì ni ojú ewé tiwa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi kì í yéé sọ ìtàn ọdún 1994. Agogo méjìlá òru ti kọjá níbí nígbà tí àwọn Super Eagles wọ pápá ní Dallas láti kojú Bọ̀gáríà. Ilé aládùúgbò kan tó ní jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo àdúgbò ti wò ó. Rashidi Yekini gba góòlù àkọ́kọ́ wọlé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó ń sunkún. A na Bọ̀gáríà ní 3–0. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sítíkà Yekini ti ọdún yẹn fún bàbá mi. Mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ní in. Mi ò bèèrè ohunkóhun, mo sanwó.

Nígbà tó dé, mo yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, kò sí nọ́mbà kankan. Mo fi kámẹ́rà fóònù fẹ̀ ẹ́ lójú, àwòrán náà ṣú bàìbàì bí ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ayédèrú ni. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ayédèrú ni bébà yìí. Góòlù yẹn kì í ṣe ayédèrú." Wọ́n fi í sínú Kùránì wọn. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Owó yẹn ni mo ṣèlérí pé màá fi ra bàtà bọ́ọ̀lù fún àbúrò mi obìnrin. Ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá kan ní Ẹgbẹ́dá ní gbogbo Sátidé. Kò bínú, kò pariwo. Ó ṣí ìwé tí mo ń kó káàdì sí, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé kò sí obìnrin kankan nínú ìwé yín ni?"

Ẹnu mi wọhò. Kò sí ẹyọ kan.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ghana gba ọ̀mì 1–1 pẹ̀lú wa ní Abuja lóṣù kẹta ọdún 2022, Super Eagles ò dé Qatar, ojú ewé wa ò sì sí nínú ìwé Panini ọdún náà. Àwọn Super Falcons ńkọ́? Láti 1991 dé 2023, Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, kò sì sí ọ̀kan tí wọn ò lọ. Láti ọdún 2011 ni Panini ti ń ṣe ìwé tiwọn. Síbẹ̀, nígbà tí mo wá sítíkà Asisat Oshoala àti Rasheedat Ajibade ti ọdún 2023, owó búrẹ́dì ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oshoala tó gba góòlù wọlé nígbà tá a na Ọsirélíà 3–2 nílé wọn! Àwọn olówó ń lé Messi, wọn ò rántí tiwa.

Bó ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, gbá bésíbọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní World Baseball Classic ọdún 2009. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2017, ó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ìtàn ńlá ni, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí àwọn olówó ń jà sí. Ẹni tó mọ ìtàn ló mọ iyì káàdì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìyà fi kọ́ mi rèé. Ẹ ra ẹyọ tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ má ra páákẹ́ẹ̀tì: ẹ lè ṣí mẹ́wàá kẹ́ ẹ má rí ọmọ Nàìjíríà kan. Ẹ bèèrè fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó sanwó. Owó tí wọ́n fi ń gbé e wá máa ń ju owó káàdì lọ, nítorí náà ẹ kó owó jọ ní mẹ́ta mẹ́rin, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé mọ̀lẹ́bí kan ní London tó ń bọ̀ wálé. Tó bá dé, ẹ fi sínú ọ̀rá rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn àti òjò ò ti lè dé. Paríparì rẹ̀, ẹ má fi owó tẹ́ ẹ ti ṣèlérí fún ẹlòmíì ra káàdì.

Mo ti ra bàtà náà, òkìríkà ni, ó sì ṣe rẹ́gí. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, a jọ jókòó wo àṣekágbá Ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní Rabat. Morocco gba góòlù méjì wọlé, mo ti fẹ́ dìde. Àbúrò mi ní, "Ẹ jókòó." A borí 3–2, ife kẹwàá nìyẹn, Ajibade ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní ìdíje náà. Ọmọ tí wọ́n bí ní Mushin! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Mushin ò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá.

Lọ́jọ́ kejì, mo wá sítíkà Ajibade nínú ìwé mi, mi ò rí i. Inú àpò bọ́ọ̀lù àbúrò mi ni mo ti bá a, ó ti tẹ̀ ní igun kan. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá pariwo. Mo dá a padà síbi tí mo ti bá a.

Ẹ fi fọ́tò káàdì tiyín ránṣẹ́ sí wa, ẹ sì sọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀. Ó dìgbà o.