Ta Ló Wọ̀ Ọ́? Ipò, Owó àti Ìdájọ́ Tí À Ń Ṣe Lórí Aṣọ Obìnrin

Aṣọ obìnrin ni ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ kò pè mí wá túmọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ nídìí ìtumọ̀. Bí mo bá ní ipò, owó ọwọ́ ẹni nìkan kọ́ ni mo ń wí: ìwé tí èèyàn kà, ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, iṣẹ́ tó ń ṣe àti àwọn tó ń bá jẹ, tó ń bá mu, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀ nípa ojú tí a fi ń mọ aṣọ tó dára, ohun kan ni mo ń wí tó ń ṣe wá bíi pé a bí i mọ́ wa, bẹ́ẹ̀ kíkọ́ ni a kọ́ ọ láìfura. Pierre Bourdieu ti kọ ìwé ńlá lórí èyí ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1979, púpọ̀ nínú yín sì ti kà á. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé nígbà tí a bá ń dájọ́ aṣọ lọ́rùn obìnrin, tí à ń pe tibí ní aṣọ ọmọlúàbí, tí à ń pe tọ̀hún ní aṣọ oníṣekúṣe, ìwọ̀n ara tó hàn kọ́ ni a sábà máa ń wò. Ẹni tó ni ara la kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ wo èjìká obìnrin. Obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́bàá iná ní abúlé ró ìró mọ́ àyà, èjìká rẹ̀ méjèèjì wà ní gbangba; a ní ará oko ni, ojú rẹ̀ kò tíì là, inú kì í tilẹ̀ bí wa sí i. Ọmọbìnrin tó ń wá dánfó lójú títì wọ aṣọ olókùn tín-ín-rín kan lọ sí ilé ìwé. A ní ilé rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ìyàwó tuntun wọ léèsì olówó gọbọi tí aránṣọ gé èjìká rẹ̀ kúrò pátápátá, ó ń jó ní gbọ̀ngàn àpèjẹ ní Lẹ́kí tàbí ní Bódìjà. Àwọn àgbà ń ná owó fún un, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, oníwàásù ń bá a ya fọ́tò. Ara tó hàn kò ju ara wọn lọ. Kí ló dé tí ẹjọ́ fi di mẹ́ta?

Àwọn kan wà tí èmi àti wọn ti ń bá iyàn yìí bọ̀ tipẹ́, bí wọ́n bá sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin Yorùbá ń bora tẹ́lẹ̀, òyìnbó ló kó ìhòòhò wá. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, torí ìtàn kò bá a lọ rárá. Ìró tí wọ́n ró mọ́ àyà, èjìká àti apá ní ìta, aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ilé ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó aṣọ rírán wọ ìlú wa. Ohun tó ti òkun dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, aṣọ tó bo ènìyàn láti ọrùn dé kókósẹ̀ ni. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé wọ̀ ọ́ wọ Èkó. Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì kọ́ ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àti òwú, bí Anna Hinderer ti ṣe ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn láti ọdún 1853. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869 sì mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ọ̀kúnkúndùn. Bí aṣọ gígùn yìí, kaba, ṣe di àmì nìyẹn. Oníkaba ni obìnrin tó ti ka ìwé, tó ti ṣe ìgbéyàwó oníwèé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ kó kiri ọjà. Ẹni tó ró ìró sì di ẹni tí ọ̀làjú kò tíì kàn. Bíbora yẹn gan-an ni àlejò, orí àtẹ̀gùn ipò ló sì gbà wọlé. Àwọn tó ń fi í ṣe àṣà baba wa lónìí ń gbé ọmọ fún ẹni tí kò bí i.

Nígbà tí àwọn alákọ̀wé Èkó kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àti aṣọ òyìnbó sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1890, tí oníwàásù David Vincent di Mojọlá Agbebi ní 1894, tó sì fi kóòtù sílẹ̀ fún aṣọ Yorùbá, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú ohùn tó ń sọ ọ́. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Ọkùnrin tó wọ agbádá, ìwé rẹ̀ àti ìwàásù rẹ̀ ti sọ ẹni tó jẹ́ kó tó dé. Obìnrin kò ní pẹpẹ ìwàásù, kò ní ìwé ìròyìn. Kaba ni ẹ̀rí rẹ̀. Bó bá bọ́ ọ, ẹni tó pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lè kà á mọ́ àwọn tó ru igbá. Ìyẹn ni a kò gbọdọ̀ gbójú fò dá bí a bá ń bú àwọn ìyá ìgbà náà pé wọ́n fẹ́ràn nǹkan òyìnbó jù.

Èyí ló mú mi dé Abẹ́òkúta, ẹ ó sì fàyè gbà mí kí n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, nítorí n kò mọ ìlú mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ kàwé ní England ní 1919, ó padà ní 1922. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1932, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin alákọ̀wé ni. Ìránṣọ, oúnjẹ sísè àti iṣẹ́ àánú ni wọ́n ń ṣe. Láti 1944 ni àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń wọlé, wọ́n fẹ́ kọ́ ìwé kíkà, ẹ̀dùn ọkàn wọn nípa owó orí àti ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn sì wọlé tẹ̀ lé wọn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà, ó di ti gbogbo obìnrin ìlú. Láàárín ìgbà yìí ni Ìyáàfin Kútì fi kaba sílẹ̀, tó ń ró ìró, tó ń wọ bùbá, tó sì ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí àwọn ìyá ọlọ́jà má bàa rí i bí ẹni tó wà lókè wọn. Ẹ kíyè sí ohun tó bọ́ kúrò lára. Kaba kò ṣí ara sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè pè é ní aṣọ oníṣekúṣe. Odi tó wà láàárín òun àti ìyókù ló wó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí apá kejì tí àwọn tó ń yìn ín kì í dé. Nígbà tí òun wọ ìró, àwọn èèyàn rí akọni nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyá aláró ní Ìtòkú wọ irú ìró kan náà, mẹ̀kúnnù ni wọ́n rí. Ẹni tó ní kaba nílé ló lè fi kaba sílẹ̀ kí ó sì gba ọ̀wọ̀ sí i.

Ní ìlú yìí kan náà, obìnrin ti ń san owó orí tirẹ̀ láti 1918, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún 15 kò yọ sílẹ̀. Lára ẹ̀sùn tí àwọn obìnrin kà sọ́rùn àwọn agbowó-orí ni pé wọ́n máa ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọbìnrin láti wò bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí ń san án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ìjọba tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń kọ́ni pé bíbora ni ọ̀làjú ni àwọn agbowó rẹ̀ ń tú ọmọ tálákà sí ìhòòhò nítorí owó orí. Ọmọ oníkaba wo ni wọ́n dán irú rẹ̀ wò lára rẹ̀? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tó tú jáde lórí owó orí yìí ní 1947, tí wọn kò sì sinmi títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949, mọ̀ pé iyì ara kò dọ́gba lójú àwọn aláṣẹ.

Àdìrẹ pẹ̀lú, Abẹ́òkúta náà ni. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn aláró ìlú náà ń tà á dé ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń fi iko dì í, wọ́n ń fi ẹ̀kọ yà á, àwọn àwòrán bí Olókun àti Ìbàdàndùn sì gbajúmọ̀, títí kan Jubilee tí wọ́n yà fún ayẹyẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Ọjà náà bàjẹ́ ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tó yá, àdìrẹ di aṣọ ìyá àgbà, aṣọ tí a fi ń ṣiṣẹ́ ilé, aṣọ tí ọmọ alákọ̀wé kì í fẹ́ wọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ayàwòrán Òṣogbo gbé e dìde, Nike Davies-Okundaye ṣíwájú nínú wọn, ó di ohun ilé ìṣàfihàn. Lónìí Amaka Osakwe, tó dá ilé aṣọ Maki Oh sílẹ̀ ní 2010, ń fi í rán aṣọ tí ó ń fi ara hàn, tí wọ́n ń tà fún àwọn olówó òkè òkun, tí gbogbo ayé sì ń yìn. Iko àti aró kò di tuntun. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ló yí padà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi ọ̀rọ̀ ajé túmọ̀ ohun gbogbo yóò wá sọ pé mo ti gbà fún wọn: owó ni, ó tán. Rárá o. Bó bá jẹ́ owó nìkan ni, kò sí ẹni tí ìbá gbayì tó àwọn obìnrin olówó tí wọ́n ń pè ní cash madam ìgbà owó epo ní àwọn ọdún 1970, tí léèsì wọn ti Lustenau ní ilẹ̀ Austria wá, tí ìjọba fòfin dè é ní ìparí àwọn ọdún náà, tí ó sì tún ń gba Kútọnu wọlé. Owó wọn ju ti olùkọ́ fásitì lọ fíìfíì. Síbẹ̀ àwọn alákọ̀wé ń yọ ṣùtì sí wọn: léèsì wọn ti wúwo jù, wúrà wọn ti pọ̀ jù, gèlè wọn ti ga jù. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ni ló ń dá iye ọjọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tí ìwé rẹ̀ pọ̀, ojú tó fi ń mọ aṣọ ni ohun ìjà rẹ̀. Shade Thomas-Fahm, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí Èkó ní 1960, fi síìpù sí ìró, ó rán gèlè tí a kì í wé mọ́, àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀: Yorùbá ni, kò sì jọ ti ọlọ́jà. Ẹ̀yin ìyáàfin tí ẹ ń fi ẹnu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sọ pé ẹnì kan kò mọ aṣọ í wọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó kọ́ yín.

Ẹ̀sìn ńkọ́? N kò sọ pé ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́ ìbòjú. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bora nítorí Ọlọ́run, ó sì ń ná wọn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjọ Ìràpadà (Redeemed), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1952 láàárín àwọn tí kò rí já jẹ, tó le koko lórí ṣòkòtò àti yẹtí. Nígbà tó ń wá àwọn ọ̀mọ̀wé àti òṣìṣẹ́ báńkì láti ìparí àwọn ọdún 1980, ó dá irú ìjọ tí wọ́n ń pè ní model parish sílẹ̀, okùn ìmúra sì dẹ̀ níbẹ̀. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà níbi méjèèjì. Láàárín àwa Mùsùlùmí náà, ọwọ́ tí a fi ń mú ẹlẹ́hàá tó ń fẹsẹ̀ rìn kọ́ ni a fi ń mú ẹni tó wọ abaya Dubai.

Wọ́n á ní, ṣé kò wá sí aṣọ tí kò yẹ ni? Ó wà. Yorùbá ti ní aṣọ oko, aṣọ ilé, aṣọ òde àti aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Irú òfin yẹn ń bèèrè ibi tí ò ń lọ. Èyí tí mò ń bá jà ń bèèrè ọmọ ẹni tí o jẹ́.

Alága ti ń wo aago, mo sì ti jókòó sí Abẹ́òkúta pẹ́ jù, nítorí náà n ó yára. Ní 2008, Sẹ́nétọ̀ Eme Ufot Ekaette gbé àbá òfin kan lórí ìmúra lọ sí ilé aṣòfin àgbà; kò di òfin. Ká ní ó di òfin ni, ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ni ọlọ́pàá ìbá rí mú, kì í ṣe ẹni tó wà nínú mọ́tò onígíláàsì dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́nu géètì àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń dá ẹlẹ́sẹ̀ dúró, tí ó sì ń ṣí ọ̀nà fún ẹni tí ọkọ̀ gbé wọlé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tí ẹ ń ya fọ́tò àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dá dúró láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ dáwọ́ dúró.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Púpọ̀ nínú aṣọ tí à ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí jà lé lórí, òkìrìká ni. Ìjọba fòfin de kíkó o wọlé, ó ń wọlé síbẹ̀, ó ń kún ọjà Katangua ní Èkó. Ẹni tó lọ ṣà á kò yan gígùn rẹ̀, kò yan fífẹ̀ rẹ̀. Ara ẹlòmíràn, ní ìlú olótùútù, ni wọ́n gé e fún, ohun tí owó ọwọ́ rẹ̀ ká nínú béèlì tí wọ́n tú lọ́jọ́ náà ló mú. Kí aránṣọ tó bá a tú u, kó sì fi aṣọ kún un, owó iṣẹ́ lè ju owó aṣọ lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ òfin ìmúra, ẹ fi owó aránṣọ sínú ìṣirò yín kí ẹ tó lé ọmọ náà padà sílé.