Irin Gbígbé àti Kíndìnrín Wa



Ọ̀rọ̀ kan a máa já àwọn tí ń gbé irin láyà: wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, a sì sọ fún wọn pé pùròtéènì wà nínú rẹ̀. Ṣé irin ti ba kíndìnrín jẹ́ nìyẹn?

Omi tí kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó 180 lítà. Lítà kan sí méjì péré ni ó ń jáde bí ìtọ̀, ìyókù a padà sínú ara. Asẹ́ náà kì í jẹ́ kí pùròtéènì kọjá, àfi ìwọ̀nba tí kò tó 150 milígíráàmù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé irin tí ó wúwo gan-an, ẹ̀jẹ̀ a sá lọ sí iṣan, èyí tí ń lọ sí kíndìnrín a dínkù, asẹ́ a sì dẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, gbogbo rẹ̀ a padà sípò. Ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò, kí ó fi irin sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí pùròtéènì bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó má ṣe di ẹ̀bi ru irin; kí ó tọ dókítà lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ a máa ba kíndìnrín jẹ́ láìsí ìrora kankan.

Kírátíníìnì ńkọ́? Inú iṣan ni ó ti ń wá. Ẹni tí iṣan rẹ̀ tóbi lè ní púpọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kí kíndìnrín rẹ̀ sì le koko. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń gbé irin. (Ọ̀pọ̀ wa ni kì í sọ ọ́, bí ẹni pé àṣírí ni.)

Àní aláìsàn kíndìnrín pàápàá lè jàǹfààní. Ní 2001, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tufts ní Boston, Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 26. Àwọn kan nínú wọn fi ọ̀sẹ̀ 12 gbé nǹkan wúwo lábẹ́ àbójútó. Agbára àti iṣan wọn pọ̀ sí i, wọn kò sì rù bíi ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í bá ẹnikẹ́ni díje.

Ìdíje gan-an ni ewu. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó fẹ́ fi ọjọ́ kan gbé ohun tí ó yẹ kí ó fi oṣù mẹ́ta dé, tàbí tí ó gbé irin nínú oòrùn lórí ààwẹ̀, iṣan rẹ̀ lè fọ́, kí ohun inú rẹ̀ sì tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti ba kíndìnrín jẹ́. Àmì rẹ̀ ni ìrora iṣan tí ó kọjá ààlà, àti ìtọ̀ tí ó dúdú bíi tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ẹni tí ó bá rí èyí, kí ó má ṣe gbé oògùn ìrora mì kí ó sì sùn. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lóru náà.