Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Sọ Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́: Bí Wẹ́bùsáìtì Wa Ṣe Máa Bọ́ Síwájú Lórí Google

Ìyálọ́jà ní kí àwa akọ̀wé sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí wẹ́bùsáìtì ẹgbẹ́ kí ẹ tó dìbò lórí owó tí wọ́n ní ká mú jáde, ká sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé wa, kí àwọn tí kò ráàyè wá lónìí lè rí i kà.

Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan wá bá àwọn olóyè lóṣù tó kọjá. Ó ní tí a bá fún òun ní ₦250,000, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ "adire" sórí Google, àwa ni yóò kọ́kọ́ rí, kárí ayé. Àwọn kan nínú wa ti ní ká san án kíá. A ò bá wọn jà. Ojú gbogbo wa ló ń rí i: aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun, tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, ti kún ìta. Ẹni tó fọwọ́ ta ìko, tó fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ, kò lè bá wọn dá owó pọ́ọ́kú. Oníbàárà tó mọ iyì iṣẹ́ wa, ọ̀pọ̀ wọn ò sí nítòsí mọ́, orí fóònù ni wọ́n ti ń wá wa. Ọ̀rọ̀ jíjẹ mímu ni. Ṣùgbọ́n ká tó san, ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2019.

Ní 2019 yẹn, a san ₦180,000 fún ọmọkùnrin kan tó ṣe irú ìlérí yìí gan-an. Àwa akọ̀wé la fọwọ́ sí ìwé náà, a ò ní sá fún un. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó kọ "adire, adire olówó pọ́ọ́kú, adire Abẹ́òkúta" ní ìgbà tí a ò lè kà tán sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé wa, ó wá fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun, kí èèyàn má rí i, kí ẹ̀rọ nìkan rí i. Ó lọ jí àwòrán aṣọ àti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kó sínú tiwa. Ó tún lọ ra líǹkì lọ́wọ́ àwọn oní-tẹ́tẹ́ àti àwọn tó ń ta oògùn, kí wọ́n lè máa júwe wa. Fún nǹkan bí oṣù kan, inú wa dùn, a rí ara wa lókè. Lẹ́yìn náà, a wá orúkọ wa títí, a ò rí i mọ́. A tẹ orúkọ ẹgbẹ́ gan-an, a ò sí ńbẹ̀. A pe ọmọkùnrin náà lórí fóònù, kò gbé e.

Ohun tí Google ń ṣe kò ṣòro láti yé ẹni tó ń jókòó lọ́jà, ìwé mẹ́fà tí àwa kà tó o. Ó ní ẹ̀rọ tó ń rìn kiri láti wẹ́bùsáìtì kan dé òmíràn, tọ̀sán tòru, ó ń gba orí líǹkì kọjá bí àwọn akiri ọjà ṣe ń gba àárín ìsọ̀, gbogbo ohun tó bá kà ló ń kọ sínú ìwé ńlá kan. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ ọ̀rọ̀, inú ìwé ńlá yẹn ló ti ń wá ìdáhùn, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀ ní ìsọ̀ wa. Tí kò bá rí ọ̀nà wọlé wa, tàbí tó wọlé tí kò rí nǹkan kà, a ò sí nínú ìwé nìyẹn.

Èwo ni yóò wá kọ́kọ́ fi han èèyàn? Larry Page àti Sergey Brin, àwọn ọmọ yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá Google sílẹ̀ ní 1998, ohun tí wọ́n rò ni pé, wẹ́bùsáìtì tí àwọn mìíràn bá ń nawọ́ sí yóò ní láárí. Bí àlejò bá wọ Ìtòkú tó ń bèèrè ẹlẹ́kọ gidi, tí ẹni mẹ́wàá nawọ́ sí ìsọ̀ kan náà, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò dọ́gba. Tí ìyá tó ti pẹ́ nídìí aró bá nawọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ju ti ọmọ aláàárù tó gba ₦200 kó tó júwe ìsọ̀. Lónìí, nǹkan tí Google ń wò ti pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìnawọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọwọ́ tí wọ́n fowó rà mọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ilé ìtajà ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà, J. C. Penney lorúkọ rẹ̀. Ní February 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì tí kò bá ọjà wọn tan rárá ló ń júwe wọn. Ilé ìtajà náà ní àwọn ò mọ̀ sí i, wọ́n sì lé àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ṣùgbọ́n Google ti fọwọ́ bà wọ́n: fún irú àpótí ìrìn-àjò kan tí wọ́n ti ń ṣe ipò kìíní, láàárín wákàtí méjì péré, wọ́n já sí ipò 71. Tí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú wọn, ta ni àwa?

Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ka kọ̀ǹpútà ní pólì ló bá wa ṣí Search Console. Ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni Google ti ń bá oní-wẹ́bùsáìtì sọ̀rọ̀. Lẹ́tà ìbáwí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a ò mọ̀ pé ó yẹ ká wò ó. A pa gbogbo ọ̀rọ̀ funfun yẹn rẹ́, a yọ àwòrán olówó, a kọ̀wé sí àwọn tó ní líǹkì pé kí wọ́n yọ ọ́, èyí tí wọn ò yọ, a sọ fún Google pé a ò sí nínú rẹ̀. A wá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, a jẹ́wọ́ ohun tí a ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n dá wa padà. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dá wa padà sí, ẹ̀yìn pátápátá la ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wá gbé wa kúrò lẹ́yìn, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a kọ síwájú ni "Ẹ káàbọ̀ sí ẹgbẹ́ wa, Ọlọ́run lọba." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń tẹ ìyẹn sórí Google? A bi àwọn ọmọ wa ní London àti Houston lórí WhatsApp pé, kí lẹ máa ń tẹ gan-an? Wọ́n ní "adire fabric 5 yards", wọ́n ní "how to wash adire". Kò sí ẹni tó ń fi àmì ohùn sí i. Nítorí náà a fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀: oníko lọ́tọ̀, ẹlẹ́kọ lọ́tọ̀, kàmpálà lọ́tọ̀. A kọ yáàdì, a kọ iye, a kọ bí a ṣe ṣe é, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì. Ojú ìwé tí a ti kọ bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ, pé kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù kí aró má ràn mọ́ aṣọ mìíràn, òun ló ń mú àlejò wá jù títí dòní. Àwòrán, tiwa ni, a sì ń fún un kéré kó lè tètè ṣí, torí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó, dátà sì wọ́n. A tún ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ́ àwòrán, torí orí ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ gbẹ́kẹ̀ lé jù láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ti ìsọ̀ yín lórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ náà ni. Ẹni tó bá ní ẹ san owó kí wọ́n tó fi yín síbẹ̀, ẹ máa wò ó níran. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń ṣí, ẹ fi àwòrán ìsọ̀ sí i, kí ẹ sọ fún oníbàárà tó bá dúpẹ́ pé kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ fúnra yín o. Ọ̀kan nínú wa, a ò ní dárúkọ, ní kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun márùn-ún yìn òun lọ́jọ́ kan náà. Google yọ gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan bèèrè pé ṣé a ò lè san owó fún Google fúnra rẹ̀ ni? A lè san, ìpolówó nìyẹn, wọn yóò sì kọ ọ́ sí i lára pé ìpolówó ni. Ọjọ́ tí owó bá tán, ó tán. Kò gbé wa ga nínú àwọn tí kò sanwó. Google fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé pé kò sí ẹni tó lè ṣe ìlérí ipò kìíní. Ọkùnrin oṣù tó kọjá yẹn ńkọ́? A fi hàn án, ó rẹ́rìn-ín. Láti 2024 pàápàá, Google tún ń fi ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ sókè, àwọn kan ò ṣí wẹ́bùsáìtì kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń dùn wá, ṣùgbọ́n ₦250,000 kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ló dẹ́rù bà wá jù. Ọmọkùnrin 2019 yẹn, orúkọ ara rẹ̀ ló fi forúkọ wẹ́bùsáìtì wa sílẹ̀. Bí ẹni kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Àfìgbà tí a rán bàbá ìyàwó rẹ̀ sí i kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ní báyìí, orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí rẹ̀, olóyè mẹ́ta ló mọ páswọ́ọ̀dù. Ọdọọdún la ń san owó rẹ̀, tí a bá gbàgbé, ẹlòmíràn lè rà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Àbá tí àwa gbé wá nìyí: kí owó ọdún wẹ́bùsáìtì jáde lọ́wọ́ akápò lónìí, kí a fún ọmọ pólì yẹn ní owó dátà àti owó ọkọ̀ lóṣooṣù, kí ìyókù dúró sínú àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní aṣọ tuntun tó fẹ́ ká ya, kó lọ̀ ọ́ kó tó gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, kó sì kọ yáàdì àti iye rẹ̀ sínú bébà. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá yìí, kó nawọ́ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ ká san ₦250,000 náà yóò nawọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn, a ó sì ka gbogbo rẹ̀.