Ẹja Tí A Pa, Ẹja Tí A Gbà, Ẹja Tí A Dá Padà Sódò
(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé wa ní Sábó, Ṣàgámù)

   

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀ wa, kò sì jìnnà sí ojúbọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹja ni. Èrò méjì ni ó ń forí gbárí lórí rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn kan ní, níwọ̀n ìgbà tí odò jẹ́ ilé òrìṣà, kí oníṣẹ̀ṣe kankan má ṣe pẹja mọ́ nínú odò ilẹ̀ Rẹ́mọ. Àwọn kejì ní ẹja ni Ifá ń gbà, ẹja ni àwọn baba wa ń jẹ, nítorí náà kí oníkálùkù mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Èmi kò fara mọ́ èkínní, n kò sì fara mọ́ èkejì. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé òfin kan ṣoṣo kò kárí gbogbo omi. Omi kọ̀ọ̀kan ni ó ní májẹ̀mú tirẹ̀. Ojúṣe ẹni tí ó bá fẹ́ pẹja ni kí ó kọ́kọ́ mọ májẹ̀mú omi tí ó dúró sí etí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí láti inú orúkọ ẹja. Ọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ ikú. Èdè tiwa kò fi ikú pamọ́. Pa àti ẹja ni ó di pẹja. Apẹja ni ẹni tí ń pa ẹja. Bí a bá ti ń pe orúkọ iṣẹ́ náà ni a ti ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀mí kan ń lọ. Kò sí ẹ̀bi nínú ìjẹ́wọ́ yẹn, nítorí ohun gbogbo tí ó wà láyé ni ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀mí ni òun ń gbà kò gbọdọ̀ gbà á lásán.

Ẹ wá fi èyí wé orúkọ oyè ọba Òṣogbo. Àtáọ́ja ni à ń pè é, ìtàn sì fi yé wa pé Àtẹ́wọ́gbẹja ni orúkọ náà ní kíkún: ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́, tí ó gba ẹja. Láròóyè, tí ó kọ́kọ́ jẹ oyè náà, ni ó rúbọ sí Ọ̀ṣun létí odò, tí ẹja ńlá kan sì fò sí i lọ́wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú orúkọ yẹn. Kì í ṣe pa, gbà ni. Ọba náà kò ju àwọ̀n, kò sì de ìgèrè. Ó tẹ́ ọwọ́, a sì fún un. Láti inú gbígbà yẹn ni èèwọ̀ ti wáyé: ẹja inú Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ìránṣẹ́ òrìṣà ni, a kì í pa á.

Èèwọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn lásán. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Nínú igbó náà a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Àwọn àwòrò àti ìyálóòṣà ibẹ̀, pẹ̀lú Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n jìjàdù kí àwọn agégi àti àwọn agbẹ́lẹ̀ tà má baà pa igbó náà run. Síbẹ̀, àwọn ará Òṣogbo ń jẹ ẹja. Wọ́n ń rà á lọ́jà, wọ́n sì ń fi í rúbọ. Májẹ̀mú wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja láyé. Ohun tí ó ní ni pé kí a má pa ti omi yìí.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn tí ó fẹ́ kí a ti gbogbo odò Rẹ́mọ pa nìyí. Ìtìpa nìkan kò gba ẹja là. Kò sí ẹni tí ń pẹja nínú Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ní àìpẹ́ yìí àwọn awakùsà góòlù ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi náà di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ọwọ́ tí kò mú àwọ̀n lè pa ẹja ju ọwọ́ tí ó mú un lọ. Bí a bá sọ odò Ìbù di èèwọ̀ lónìí, tí àwọn kan sì ń da pàǹtí àti omi ìdọ̀tí sí i lọ́la, ta ni a gbà là?

Omi kejì tí mo fẹ́ kí a wò wà ní òkè ọya. Ní Sábó tí a jókòó sí yìí, ó yẹ kí ó rọrùn fún wa láti kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ Haúsá, nítorí òwò obì ti so wá pọ̀ pẹ̀lú wọn tipẹ́: obì wa ń lọ sókè, ẹja gbígbẹ ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Matan Fada. Sarkin Ruwa, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọba Omi, ni ó ń mójú tó o. Wọn a ti omi náà pa kí ọjọ́ ọdún tó kò. Ní ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún apẹja a bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú igbá àti àwọ̀n ọlọ́wọ́ nìkan. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó parí, a sì tún ti omi pa. Ọdún 1934 ni ayẹyẹ náà gba ẹwù tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, nígbà tí Sultan Sókótó ṣe àbẹ̀wò sí Argungu, láti fi òpin sí ìjà àtijọ́ láàárín Kebbi àti Sókótó. UNESCO náà fọwọ́ sí i ní ọdún 2016. Májẹ̀mú omi yìí yàtọ̀ sí ti Ọ̀ṣun. Ní Òṣogbo, a kì í pa á rárá. Ní Argungu, à ń pa á, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́, ó ní irinṣẹ́, ó sì ní ẹni tí à ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi kẹta ni omi gbogbogbòò: ọ̀sà Èkó, odò Ògùn, àti àwọn odò kéékèèké wa. Níbẹ̀ kò sí àwòrò tí yóò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹja fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́ wa ní májẹ̀mú níbẹ̀. Ẹ wo epìyà alágbọ̀n dúdú inú ọ̀sà. Bí abo bá yé ẹyin tán, akọ ni yóò kó o sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ ni ẹyin náà yóò ti pa. Ẹni tí ó bá pa baba yẹn ti pa agbo ilé kan. Ẹ wo àrọ̀, ẹja Ifá. Nígbà tí òjò bá kún odò, tí omi bo koríko etí bèbè, ni ó máa ń lọ yé ẹyin sí ibi tí omi kò jìn. Ẹni tí ó bá dè é níbẹ̀ pẹ̀lú ìgèrè kò ní pẹ́ kó ikùn rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ẹja ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń jẹ. Ẹja kan tún wà nínú àwọn odò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus odoe: ó gùn, eyín rẹ̀ mú, ẹja bí i tirẹ̀ ni ó ń jẹ. Òǹrorò ni lójú ẹja yòókù, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ bímọ, yóò fi ìfófòó kọ́ ìtẹ́ sójú omi láàárín koríko, yóò kó ẹyin sí i, yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Àwọn òyìnbó ń pe ẹja yìí ní pike ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí pé ó jọ pike tiwọn, bí wọn kò tilẹ̀ bá ara tan. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àríyànjiyàn wa yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin odò wọn gbà kí ènìyàn mú pike kan ṣoṣo lọ sílé lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Ńlá ni a ń dá padà, nítorí abo ńlá ni ó ní ẹyin jù. Èyí yàtọ̀ sí àṣà àwọn apẹja tí ń ju kékeré nìkan padà, tí wọ́n sì ń fi ìyá ẹja yangàn lọ́jà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn apẹja wọn kì í jẹ pike rárá. Wọn a fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́nu, wọn a ya àwòrán, wọn a sì dá a padà. Òfin orílẹ̀-èdè Switzerland lòdì sí i pé kí ènìyàn máa fi ìwọ̀ mú ẹja pẹ̀lú èrò àtidá a padà, nítorí pé ìrora láìnídìí ni. Èmi gbà pẹ̀lú àwọn ará Switzerland. Ẹ̀mí kì í ṣe ohun ìṣeré. Èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ kan fún pípa tí kì í ṣe pípa. Bí ebi tàbí ẹbọ kò bá rán ọ, fi ẹja sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ nítorí oúnjẹ, tí aboyún ẹja tàbí ọmọ ẹja sì kó sí àwọ̀n rẹ, fi omi tutù ọwọ́ rẹ, kí o tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyẹn náà ẹbọ ni.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa májèlé. Àwọn kan ń da Gamalin 20 sódò. Oògùn tí a ṣe fún kòkòrò ara kòkó ni, lindane ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ń pa ẹja ńlá, ó ń pa ẹyin, ó ń pa ọ̀pọ̀lọ́, ohun tí ó bá sì kù nínú ẹran ẹja, inú ẹni tí ó jẹ ẹ́ ni ó ń lọ. Ní ọdún 2009, àdéhùn Stockholm ka lindane mọ́ àwọn èròjà tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti ọdún 1992 náà ka fífi májèlé tàbí ohun abúgbàmù pẹja léèwọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa pé òyìnbó nìkan ni ó kó májèlé wá. Àwọn àgbà wa mọ ewé tí ń mú ẹja yó. Pé ohun kan jẹ́ ti ìṣẹ̀ǹbáyé kò sọ ọ́ di mímọ́.

Ó ku ìbéèrè tí ó ń dun ọ̀pọ̀ yín: ṣé Ifá yóò gba ẹja tí a sìn? Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àrọ̀ inú kòtò kò ní àṣẹ, pé ti odò ni ó yẹ ojúbọ. Mo bi wọ́n: adìẹ tí a fi ń rúbọ, ṣé inú igbó ni a ti ń dọdẹ rẹ̀? Ewúrẹ́ ńkọ́? Iṣu ńkọ́? Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ rẹ̀ sìn, tí ó fi òógùn rẹ̀ bọ́, ni ẹbọ rẹ̀ ti ń dára jù. Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń sin àrọ̀ nínú adágún tí wọ́n gbẹ́. Àrọ̀ kan tí a rà níbẹ̀ jẹ́ àrọ̀ kan tí a fi sílẹ̀ fún odò. Ẹni tí ó bá ń sin ẹja náà ní májẹ̀mú tirẹ̀: kí ó má ṣe kó wọn pọ̀ ju bí omi ti lè gbà, kí ó má sì tú omi ẹlẹ́gbin sí odò aládùúgbò.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo gbé kalẹ̀ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí lónìí. Èkínní, omi tí ó bá ní ojúbọ, a kò ní pẹja níbẹ̀, àfi bí àwọn tí ó ni ojúbọ náà bá ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Èkejì, láti àkọ́rọ̀ títí di ìgbà tí omi bá fà, a kò ní mú àrọ̀ láti inú odò kankan ní Rẹ́mọ. Ẹja tí a sìn ni a óò fi rúbọ. Ẹ̀kẹta, kí babaláwo kankan má gba ẹja tí kò mọ bí a ti pa á. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, iye ẹja tí Ifá bá pè ni kí a pè. Bí Ifá bá ní méjì, kí a má ṣe sọ ọ́ di mẹ́jọ nítorí ọbẹ̀ ilé wa. Ẹ̀mí mẹ́fà tí ó lé lórí yẹn, ọrùn wa ni ó wà.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní èyí nísinsìnyí. Láti tútù ni a ti ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kíkán ní í kán.

Kí odò wa má gbẹ. Kí ẹja má tán nínú rẹ̀. Kí a má ṣe rúbọ tí yóò di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn. Àṣẹ.