Ìlera fún Gbogbo Ènìyàn: Ǹjẹ́ Ọwọ́ Wa Lè Tó O?



Ẹ ní kí n wá sọ bóyá àtúntò ètò ìlera fún gbogbo Nàìjíríà ṣeé ṣe, tàbí àlá lásán ni. Èsì mi kò gùn: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè ṣe é, bí kò ṣe àpò kan tí gbogbo wa, olówó àti tálákà, bá jọ dáwó sí.

Kì í ṣe òfin ni ó wọ́n wa. Ní ọdún 1999 ni a fi àṣẹ dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀. Ọdún 2005 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìlérí ní Àbújá pé nínú 100 tí ìjọba bá ná, 15 yóò jẹ́ ti ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa, tí ó gbà wọ́n lálejò, kò tíì mú un ṣẹ. Òfin ọdún 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ọdún 2018 ni owó náà tó wọ inú ìṣúnná. Ní ọdún 2022, òfin sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ẹnu òfìfo kì í dún yànmùyànmù.

Ẹlòmíràn yóò wí pé òṣì ni ó dí wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ní July 5, 1948, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí a ṣì ń fi òṣùwọ̀n pín oúnjẹ, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún gbogbo ènìyàn. Gánà, aládùúgbò wa, ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2003, ó sì fi 2.5 nínú 100 lé owó ọ̀pọ̀ ọjà kí àpò náà má baà gbẹ.

Àwọn baba wa mọ èsúsú. Ṣùgbọ́n nínú èsúsú, olúkúlùkù ni í kó tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó ń dáwó fún ẹni tí ó dùbúlẹ̀, láìmọ ọjọ́ tí yóò kan òun náà. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn nìkan ni ó ń dáwó, àpò yóò ṣófo. Bí alára líle bá sì ń bẹ̀rù pé a ó kó owó òun jẹ, kò ní dá a.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Bí orí bá fọ́ ọlọ́lá, a wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá ọlọ́mọ a sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó rí ibùsùn. Ẹni tí kò ní jẹ nínú ọbẹ̀ kò ní bìkítà bí ó bá kan.

Mo bẹ̀ yín: Èkó, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ti ní ètò tiwọn, kí olúkúlùkù wa forúkọ ara rẹ̀, ará ilé rẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kí a tọ́jú ara wa níhìn-ín. Kí ẹ̀yin Ọba sì béèrè pé kí a máa ka ìṣirò owó ilé ìwòsàn ìlú sétí gbogbo ènìyàn. Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.